Awò Ojú Tí Kò Dọ̀tí

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ kí áńkáṣíìfù funfun kan kú ọlá. Mo mọ̀ pé ohun tó tóbi jù ú lọ wà ní Abẹ́òkúta. Olúmọ wà níbẹ̀ tí kò yẹsẹ̀ fún ẹnikẹ́ni, odò Ògùn wà níbẹ̀ tó ń ṣàn lọ láìdágbére, ṣọ́ọ̀ṣì wa pàápàá wà níbẹ̀ pẹ̀lú fèrèsé aláràbarà tí a máa ń sọ fún àlejò pé ìlú òyìnbó ni wọ́n ti gbé e wá, kí wọ́n tó béèrè. Ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni ènìyàn ń rí gbogbo ìyẹn. Áńkáṣíìfù tí mò ń wí kì í jáde fún ohun kékeré. Inú àpò kóòtù dúdú ló ń gbé bí ọba tí ara rẹ̀ kò yá. Oòrùn lè mú, àlùfáà lè wàásù títí òógùn á fi bo olúwa rẹ̀ lójú, kò ní yọ. Ọjọ́ tó bá yọ, kí onílé sọ fún àlejò pé kó jókòó dáadáa, nítorí ohun ńlá fẹ́ ṣẹlẹ̀.

Ẹni tó ni ín ni ọ̀gá àgbà kọ́lẹ́ẹ̀jì tí mo ti kọ́ṣẹ́ olùkọ́. Orin ló ń kọ kó tó di ọ̀gá, orin ló sì ń kọ lẹ́yìn tó di ọ̀gá. Bí akọrin bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ orin tí ọ̀gá fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀, ọ̀gá kò ní rẹ́rìn-ín, kò ní wo ọ̀tún, kò ní wo òsì. Yóò tẹ orí ba bí ẹni tí wọ́n ń bá wí. Yóò bọ́ awò ojú rẹ̀, yóò fa áńkáṣíìfù yọ, yóò sì máa nu awò náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀ títí dé Àmín. Awò náà kò dọ̀tí. Ìyàwó rẹ̀ ti fọ̀ ọ́ kí wọ́n tó kúrò nílé, gbogbo ìjọ ló sì mọ̀. Bó bá jẹ́ orin ẹlòmíràn ni wọ́n ń kọ, ẹrẹ̀ lè wà lójú awò náà, kò ní fọwọ́ kàn án. Àwọn àgbà ìjọ a máa fi ìgbọ̀nwọ́ gún ara wọn lórí bẹ́ǹṣì: "Tirẹ̀ ni o. Ó ti ń nu awò."

Abúlé kan nítòsí Ọ̀fàdà ni wọ́n bí i sí, sínú ìdílé tó ń gbin ìrẹsì. Nígbà tó wà lọ́mọdé, iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa lé ẹyẹ lóko. Ìtàn kan wà pé orin ló fi ń lé wọn, àti pé kàkà kí àwọn ẹyẹ náà fò lọ, ńṣe ni wọ́n ń bà sórí igi tí wọ́n ń gbọ́. Òun ló máa ń sọ ìtàn náà. Ajíhìnrere kan fi í jókòó sídìí dùùrù ní ọjọ́ kan, ọwọ́ rẹ̀ kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ́ bí a ṣe ń so táì, òun ń kọ́ bí a ṣe ń kọ orin Yorùbá tí ohùn rẹ̀ kò ní bá ọ̀rọ̀ rẹ̀ jà. Orin ìkórè kan tó kọ ló sọ ọ́ di ẹni tí ìlú mọ̀. Lọ́jọ́ ìkórè, bí ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan bá ń ru irè oko rẹ̀ lọ síwájú pẹpẹ, orin yẹn ni wọ́n fi ń lọ:

*Irè tí a mú wá rèé,*
*ilẹ̀ kò tàn wá jẹ;*
*kí ló kù tí a kò fi ní yọ̀?*

Ẹni tó bá gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀kan kò lè fi í sílẹ̀ mọ́. Ó wọ ẹsẹ̀. Èèyàn a bá ara rẹ̀ tó ń fi í rìn.

Ó di olùkọ́ ìṣirò àti orin ní kọ́lẹ́ẹ̀jì wa. Nígbà tí ogun àgbáyé kejì parí, òyìnbó tó jẹ́ ọ̀gá àgbà lọ sinmi nílé wọn, kò padà mọ́. Ìgbìmọ̀ tó ń ṣàkóso kọ́lẹ́ẹ̀jì wá arọ́pò rẹ̀ títí, wọn kò rí ẹni tó fẹ́, wọ́n wá ní kí olórin di adelé. Adelé ni ẹni tó jókòó lórí àga tí ẹnikẹ́ni kò tíì sọ fún un pé tirẹ̀ ni. Lọ́yà kan wà nínú ìgbìmọ̀ náà, ọkùnrin tó máa ń gbé àpótí irun àtọwọ́dá tó ń dé lọ sí ilé ẹjọ́ wá sí ìpàdé ṣọ́ọ̀ṣì kí a má baà gbàgbé iṣẹ́ tó ń ṣe. Òun ló ń sọ káàkiri pé, "Ẹ ti gbọ́? A ti fi alágbe jẹ ọ̀gá kọ́lẹ́ẹ̀jì."

Alágbe náà gbọ́. Ohun àkọ́kọ́ tó ṣe lórí àga ni pé ó yọ agogo. Agogo irin ńlá kan wà lẹ́yìn ilé ìjẹun tó ń pè wá sí gbogbo nǹkan. Ó ní ohùn agogo náà kò sí nínú orin kankan, àti pé ẹni tó bá ń gbọ́ irú ohùn bẹ́ẹ̀ kó tó lajú lójoojúmọ́ kò lè kọ́ ọmọ ènìyàn ní ohun rere. Ó tà á fún alágbẹ̀dẹ kan ní Láfẹ́nwá. Láti ọjọ́ náà lọ, orin di agogo wa. Láàárọ̀, àwọn báàsì á kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ nínú yàrá tiwọn, tẹ́nọ̀ á gbà á lẹ́nu wọn, kó tó dé ọ̀dọ̀ áótò, gbogbo ilé ti jí. Orin kan wà fún ìwẹ̀, òmíràn wà fún oúnjẹ, òmíràn wà fún kíláàsì, kúkurú kan sì wà fún àlejò tó bá dé lójijì. Ohùn la fi pín iṣẹ́ náà. Báàsì ló ń gé koríko, tẹ́nọ̀ ló ń pọnmi, áótò ló ń fọ abọ́. Mo mọ báàsì kan tó fi gbogbo sáà kan fún ọ̀fun rẹ̀ pọ̀ kó lè bọ́ lọ́wọ́ àdá.

Èmi ni olórí akọrin. Mo gba ipò náà bí ẹni gba oyè. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í rìn bíi ti ọ̀gá àgbà, ọwọ́ méjèèjì lẹ́yìn, orí díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan.

Ọ̀rọ̀ ń lọ dáadáa. Ìgbìmọ̀ ti gbà, pẹ̀lú ìmí ẹ̀dùn, láti sọ adelé di ọ̀gá àgbà gan-an. Gáùn tó máa wọ̀ lọ́jọ́ náà ti wà lọ́dọ̀ aránṣọ. Ìgbà yẹn gan-an ni ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin gbóná ní Ẹ̀gbá. Wọ́n ní kí obìnrin máa san owó orí, àwọn obìnrin ní àwọn kò san. Wọ́n ń kó ara wọn jọ láti àdúgbò gbogbo, wọ́n ń lọ jókòó síwájú ààfin ní Aké, wọ́n ń fi orin sọ ohun tó wà nínú wọn. Màámi wà lára wọn. Ìrẹsì Ọ̀fàdà ló ń tà ní Láfẹ́nwá, ẹni tó bá sì rí i tó ń jiyàn lórí òṣùwọ̀n ìrẹsì kan yóò mọ̀ pé ẹni tó ní kí irú obìnrin bẹ́ẹ̀ sanwó lórí orí ara rẹ̀ kò ronú jinlẹ̀.

Mo lọ kí i nílé lọ́jọ́ Sátidé kan. Kí n tó dé ẹnu ọ̀nà ni mo ti ń gbọ́ ohùn àwọn obìnrin lẹ́yìnkùlé. Ẹsẹ̀ mi ti ń bá orin náà lọ kí etí mi tó mọ ohun tó ń gbọ́.

*Orí tí mo gbé wá sáyé,*
*n kò yá a lọ́wọ́ ẹnìkan;*
*kí ló dé tí mo fi ń sanwó rẹ̀?*

Mo sáré wọlé. "Màámi! Orin ìkórè wa nìyẹn!"

"Ta ló ní kì í ṣe òun?" Màámi kò tilẹ̀ wẹ̀yìn. "Kí lo fẹ́ ká fi kọ ọ́, ohùn òyìnbó? Bí a bá fi ohùn òyìnbó bú èèyàn, á rò pé à ń kí òun ni."

Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bú sẹ́rìn-ín.

"Ṣùgbọ́n orin ṣọ́ọ̀ṣì ni, Màámi. Orin ọ̀gá wa ni."

"Akọ̀wé mi, dákẹ́. Bó bá bá wa ru ìrẹsì dé iwájú pẹpẹ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ò ní kán bó bá bá wa dé Aké."

Ìyá kan tó jẹ́ mùsùlùmí, tó ń ta òwú nítòsí ìsọ̀ Màámi, na ọwọ́ sí mi. "Èmi ò tiẹ̀ dé ìkórè yín rí, ọmọ mi, mo ti mọ̀ ọ́n tán. Sọ fún ọ̀gá yín pé ó káre. Ìlà kẹta nìkan ló le, ó ga ju ọ̀fun wa lọ."

Òtítọ́ ló sọ. Ní ìlà kẹta, ibi tí ohùn yẹ kó gun òkè, ńṣe ni gbogbo wọn ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tí igbá omi já bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, orin náà ti gba ìlú. Àwọn ọmọdé ń fi í ta òkòtó. Ẹni tó ń ti kẹ̀kẹ́ gòkè ń fi í ti kẹ̀kẹ́. Nígbà tí àlùfáà tó jẹ́ alága ìgbìmọ̀ wa sì gbọ́ ọ lẹ́nu aláàárù tó ń gbé àpótí ìwé rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ nínú rélùwéè, ọ̀rọ̀ di ìpàdé.

Yàrá ìkàwé kọ́lẹ́ẹ̀jì ni wọ́n ti ṣe é, lọ́sàn-án, fèrèsé ṣí sílẹ̀ sí ojú títì tó lọ sí Aké. Wọ́n pe èmi náà, nítorí olórí akọrin yẹ kó mọ orin. Mo dúró sẹ́bàá ògiri. Ọ̀gá àgbà jókòó, ó fi ọwọ́ lé orúnkún bí ẹni tó wá ya fọ́tò.

Alága fi ohùn ìbùkún bẹ̀rẹ̀. "Ọ̀gá àgbà, a kò bá yín jà. Ọ̀rọ̀ kékeré ni. Orin kan ń lọ káàkiri ìlú, wọ́n ní ẹ̀yin lẹ kọ ọ́."

"N kò kọ ọ̀rọ̀ rẹ̀, sà."

"Ẹ ṣeun!" Lọ́yà na ìka sókè. "Ó ti parí nìyẹn. Lọ́jọ́ ìsinmi, ẹ kàn dìde níwájú ìjọ, ẹ ní ọ̀rọ̀ orin náà kì í ṣe tiyín, ohùn rẹ̀ náà kì í ṣe tiyín, kọ́lẹ́ẹ̀jì kò sì mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Lọ́jọ́ Ajé, ẹ̀yin lẹ ni àga."

Ọ̀gá àgbà gbọn eruku kúrò lórúnkún rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ bá kọ̀," ni alága wí, ohùn ìbùkún ti ń tán nínú ohùn rẹ̀, "a kò lè fi àga kọ́lẹ́ẹ̀jì Kristẹni fún ẹni tí wọ́n ń fi orin rẹ̀ bú àwọn àgbà ìlú. Ó yé yín?"

"Ó yé mi, sà."

Lọ́yà yíjú sí mi. "Ìwọ ọmọ yìí, ìwọ lo mọ orin. Ṣé ohùn ọ̀gá yín ni ohùn tí àwọn obìnrin yẹn ń kọ?" Bó ti ń béèrè ló ń ṣẹ́jú sí mi. Ìlẹ̀kùn ló ń ṣí, ó fẹ́ kí n ti ọ̀gá mi gba ibẹ̀ jáde. Kò fẹ́ràn ọ̀gá mi, ṣùgbọ́n ó kórìíra wàhálà jù ú lọ.

Mo tún ọrùn aṣọ mi ṣe. Mo rò pé ìgbà tèmi dé. "Ẹ̀yin àgbà," ni mo wí, "ó jọ ọ́ díẹ̀. Ṣùgbọ́n orin ìbílẹ̀ púpọ̀ ló jọra wọn. Irú ohùn bẹ́ẹ̀, ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́."

Gbogbo ìgbìmọ̀ mí. Alága mi orí. "Ọmọ tó gbọ́n," ni lọ́yà wí.

Ọ̀gá àgbà rọra yí àga rẹ̀ padà, ó wò mí láti bàtà dé orí.

"Orin wo ló jọ ọ́?"

"Sà?"

"O ní púpọ̀ ló jọ ọ́. Dárúkọ ẹyọ kan."

"Sà, mo kàn ní…"

"Kọ ọ́ ká gbọ́. Olórí akọrin ni ọ́. Kọ ẹyọ kan tó jọ ọ́."

Lọ́yà wọ àárín wa. "Ọ̀gá àgbà, ọmọ náà ń gbìyànjú láti ràn yín…"

"Mo mọ ohun tó ń gbìyànjú. Ẹnikẹ́ni! Ìlà kẹta yẹn nìkan, mo wá ibi tó máa gbà gòkè títí oúnjẹ fi korò lẹ́nu mi. Ìyàwó mi rò pé mò ń ṣàìsàn. Ẹnikẹ́ni ló lè kọ ọ́!"

Ká ní ó dákẹ́ níbẹ̀, bóyá ọ̀rọ̀ náà ì bá ṣì ní àtúnṣe. Alága ti la ẹnu láti sọ ohun kan tó rọ̀. Ṣùgbọ́n ìgbà yẹn ni àwọn obìnrin dé orí títì. A kọ́kọ́ gbọ́ ẹsẹ̀, ká tó gbọ́ ohùn. Wọ́n ń lọ sí Aké, wọ́n pọ̀, orin náà sì ń bọ̀ gba ojú fèrèsé wọlé bí ẹni tí wọ́n ránṣẹ́ pè.

Gbogbo wa ń wo ọ̀gá àgbà. Ó tẹ orí ba. Mo rí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ tó ń lọ sínú àpò kóòtù, mo sì bẹ Ọlọ́run pé kó jẹ́ pé òógùn ló fẹ́ nù. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀. Ó fa áńkáṣíìfù funfun yọ. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í nu awò náà lẹ́sọ̀lẹ́sọ̀.

Alága fi ọwọ́ bo ojú. Lọ́yà wo àjà. Kò sí ilé ẹjọ́ kan lábẹ́ ọ̀run tó máa béèrè ẹ̀rí tó ju ìyẹn lọ.

Orin dé ìlà kẹta, àwọn obìnrin sì já a lulẹ̀ gẹ́gẹ́ bí àṣà wọn. Mo rí i tí ọ̀gá àgbà ta gìrì bí ẹni tí eèrà jẹ. Wọ́n tún un kọ, wọ́n tún já a. Ó dìde. Ó fi awò sí ojú padà, ó lọ sí ojú fèrèsé, ó sì yọ orí síta.

"Ẹ̀yin ìyá! Ẹ kú ìrìn o! Ẹ dúró díẹ̀!"

Orin dúró. Mo gbọ́ ohùn Màámi kí n tó rí i. "Ẹ kú ìjókòó o, Tíṣà! Ṣé ẹ̀yin náà fẹ́ ní ká má kọ ọ́ mọ́ ni?"

"Ẹ kọ ọ́! Ṣùgbọ́n ẹ kọ ọ́ dáadáa! Ìlà kẹta yẹn, òkè ló ń lọ, ìsàlẹ̀ lẹ̀ ń gbé e lọ!"

"Ọ̀fun wa ò tó o!"

"Ó tó o jù! Ṣé bí ẹ bá fẹ́ pe ẹni tó wà ní òdìkejì odò, ìsàlẹ̀ lẹ máa ń gbé ohùn gbà? Ẹ béèrè! *Kí ló dé!* Ìbéèrè ni! Ẹ má béèrè bí ẹni tó ti mọ ìdáhùn!"

Ó na apá jáde láti ojú fèrèsé, ó kọ ìlà náà fún wọn, ó kọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ sókè, gbogbo títì sì gbà á. Lọ́tẹ̀ yìí, ohùn náà gòkè. Ó gòkè dé ibi tí ọ̀gá àgbà ti ń wá a láti ọjọ́ tó kọ ọ́. Mo ti gbọ́ orin yẹn lẹ́nu akọrin tó ní aṣọ funfun, n kò gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀ rí.

"Báyìí ni!" ni ọ̀gá àgbà ń pariwo. "Báyìí gan-an ni! Ó dàbọ̀ o!"

"Olúwa á gbè yín o, Tíṣà!" Wọ́n bá tiwọn lọ.

Ó padà wá jókòó, ó tún kóòtù rẹ̀ ṣe. "Ẹ má bínú," ni ó wí. "Kí lẹ ní kí n sọ lọ́jọ́ ìsinmi?"

Alága fi ọwọ́ lu tábìlì. "Ṣé ẹ mọ ohun tí ẹ fi ṣeré báyìí? Àga nìyẹn o!"

"Mo mọ̀ ọ́n, sà. Mo ti ń jókòó lé e. Ẹsẹ̀ rẹ̀ kan ń mì." Ó gbé orí sókè, n kò sì rí ẹ̀rín lójú rẹ̀ mọ́. "N kò kọ ọ̀rọ̀ orin wọn, nítorí wọn kò bi mí. Ká ní wọ́n bi mí ni, ǹ bá kọ ọ́. Ìyá tó bí mi ru ìrẹsì láti Ọ̀fàdà dé Abẹ́òkúta. Orí rẹ̀ ló fi rù ú. N kò rí ẹni tó bá a gbé e. Ẹ lọ sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹnikẹ́ni tó bá bi yín. Tèmi ni ohùn náà."

Kí ọ̀sẹ̀ náà tó parí, wọ́n ti sọ ọ́ di ọ̀gá ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Itòrí. Lọ́jọ́ tó ń lọ, mo bá a di ẹrù sẹ́yìn lọ́rì. Òun ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀, ó ti gúnwà sẹ́gbẹ̀ẹ́ awakọ̀. "Ẹnikẹ́ni, àbí?" ni ó wí. Lọ́rì ṣí.

Ìbátan lọ́yà ni wọ́n fi rọ́pò rẹ̀, ọkùnrin oníwèé ẹ̀rí púpọ̀ tó máa ń gbé gbogbo wọn dání bí ẹni ń lọ sájò. Àárọ̀ ọjọ́ kejì, kò sí ẹni tó kọrin. A ti jọ sọ ọ́ nínú yàrá báàsì, a kò sì fi ṣe ọ̀rọ̀ gígùn. Níwọ̀n bí kò ti sí orin, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ilẹ̀ ti mọ́. Níwọ̀n bí a kò ti jí, a kò wẹ̀. Níwọ̀n bí a kò ti gbọ́ orin oúnjẹ, oúnjẹ tutù sínú ìkòkò. Ọ̀gá tuntun ń lu ìlẹ̀kùn kiri.

"Ẹ kọrin kí àwọn èèyàn yìí jí!" ló ní fún mi.

Mo fọwọ́ kan ọ̀fun mi. "Ohùn ti há, sà."

"Ẹlòmíràn ńkọ́?"

"Gbogbo wa ni, sà. Ọyẹ́ ni."

Àárín òjò là wà.

Ó wá agogo, wọ́n sọ fún un pé agogo ti di ọkọ́ àti àdá ní Láfẹ́nwá. Ó gbé àwo irin kan, ó ń fi ṣíbí lù ú kiri ọgbà pẹ̀lú gáùn lọ́rùn. Àwọn ará àdúgbò jáde wá wò ó. Ṣùgbọ́n ohun tó parí ọ̀rọ̀ náà ni pé òyìnbó tó ń bẹ ilé ìwé wò dé láìròtẹ́lẹ̀. Orin àlejò kò dún, kò sí ẹni tó mọ̀ pé ó wọlé. Gbogbo kọ́lẹ́ẹ̀jì ló bá lórí ibùsùn nígbà tí oòrùn ti wà lókè, ó sì béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá tuntun, tó di àwo irin mú, pé irú àrùn wo ló wọ ibẹ̀, ṣé ó ń ràn.

Alága fúnra rẹ̀ ló lọ sí Itòrí. Ó ní kí n bá òun lọ, bóyá kí n lè jẹ́rìí pé òun bẹ̀bẹ̀. A bá ọ̀gá àgbà lábẹ́ igi máńgò níwájú ilé ìwé. Ó ti pín àwọn ọmọ kéékèèké sí ohùn mẹ́rin, àwọn kan ń gbálẹ̀, àwọn kan ń pọnmi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá àgbà."

"Ẹ kú ọ̀nà, sà." Ó wo ẹ̀yìn alága, ó rí mi. "Háà. Ẹnikẹ́ni náà dé."

Alága jókòó lórí bẹ́ǹṣì ọmọdé, orúnkún rẹ̀ kan àgbọ̀n rẹ̀. "A wá pè yín padà. Ọ̀rọ̀ orin yẹn, ẹ má dààmú nípa rẹ̀ mọ́. A ti gbàgbé rẹ̀."

"Ẹ ti gbàgbé rẹ̀?"

"Pátápátá."

"Kí ló ṣe é tí ẹ fi gbàgbé rẹ̀?" Ojú ọ̀gá àgbà le. "Ṣé kò dára ni?"

Alága wò mí. Mo wo igi máńgò. Mo ti kọ́gbọ́n.

"Ó dára," ni alága wí níkẹyìn.

"Ẹ mọ̀ ọ́n?"

"Ta ni kò mọ̀ ọ́n?"

"Ìlà kẹta ńkọ́?"

Alága, ẹni tí bíṣọ́ọ̀bù gbé ọwọ́ lé lórí, jókòó lórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọ kíláàsì kìíní, ó sì fi imú kọ ìlà kẹta. Ó gun òkè níbi tó yẹ. Ọ̀gá àgbà gbọ́ ọ tán, ó dìde, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun mú fìlà.

Wọ́n fi í jẹ ọ̀gá àgbà gan-an nínú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá. Nígbà náà, ọ̀rọ̀ owó orí àwọn obìnrin ti yí padà, wọ́n ti gbé e kúrò lórí wọn, kò sì sí ẹnì kan nínú ìgbìmọ̀ tí kò rántí bí òun ti dúró gbọn-in lẹ́yìn àwọn ìyá wa láti ìbẹ̀rẹ̀. Lọ́yà rántí jù wọ́n lọ. Ọ̀gá àgbà wọ gáùn tuntun, Màámi jókòó níwájú pẹ̀lú àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ìyá mùsùlùmí tó ń ta òwú náà wà níbẹ̀, ó ní òun wá gbọ́ orin òun ni. Mo gbé ọwọ́ sókè fún akọrin. Kí a tó la ẹnu, mo wẹ̀yìn. Áńkáṣíìfù ti jáde.

Mo ti fi ọkùnrin yẹn ṣẹ̀fẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ènìyàn láti ìgbà náà. Ní yunifásítì, mo máa ń ṣe bó ṣe ń nu awò fún àwọn ọ̀rẹ́ mi, wọ́n á sì rẹ́rìn-ín títí omi á fi yọ lójú wọn. Ìwé tí mo kà kọ́ mi láti mọ ìgbéraga ní ibikíbi tó bá fara pamọ́ sí, iṣẹ́ tí mo sì yàn ni láti máa kọ ọ́ sínú ìwé ìròyìn.

Lọ́jọ́ kan, mo wà nínú rélùwéè tó ń bọ̀ láti Èkó. Bí a ti ń sún mọ́ Láfẹ́nwá, ọkùnrin kan tí n kò mọ̀ rí ṣí ìwé ìròyìn, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun kan sókè fún ẹni tó jókòó tì í. Èmi ni mo kọ ọ́. Mo ti kọ ọ́ láti fi bú àwọn tó fẹ́ràn ìyìn. Ó ń kà á dáadáa, ó ń dúró níbi tó yẹ, ẹnìkejì rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. N kò sọ fún wọn pé èmi ni. Mo tẹ orí ba, mo bọ́ awò ojú mi, mo sì nù ún títí ó fi kà á tán.

Awò náà kò dọ̀tí. Èmi náà ṣe é.